Ìrẹsì oníwàrà pẹ̀lú ìrẹsì pupa: báwo ni yóò ṣe rọ̀, tí yóò sì ki, láìfi ṣúgà kún un?

Àdùkẹ́_Wàndó (Àjàṣẹ́)
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ìrẹsì oníwàrà ni mo fẹ́ sè fún ilé: àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, àgbà kan sì wà tí dókítà ní kó dín ṣúgà kù. Ìrẹsì pupa ni mo fẹ́ lò, èyí tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò họ eèrí ara rẹ̀ kúrò. Báwo ni yóò ṣe rọ̀ kí wàrà tó jóná? Kí ló ń mú kó dà bí ìrẹsì lásán tí wọ́n da wàrà lé lórí? Kí ni mo sì lè fi dípò wàrà alágolo tó dùn yẹn? Gáàsì ni mo ń lò, ìkòkò mi fẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìwọ̀n sí i, ẹ má kàn sọ pé "díẹ̀ díẹ̀".

Ìyá_Olóúnjẹ (Àjàṣẹ́)
Àbúrò, omi ni kí o fi se ìrẹsì pupa jinná, kí wàrà wá lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Eèrí tó bo hóró kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé, wàrà ní tirẹ̀ sì nípọn ju omi lọ. Bí o bá fi wàrà sè é láti ìbẹ̀rẹ̀, wàrà á ti lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò kí àárín hóró tó rọ̀.

Ìwọ̀n ènìyàn mẹ́fà nìyí: ìrẹsì pupa giramu 200 (ife mìlílítà 250 kan, kó ku díẹ̀ kó kún), omi mìlílítà 700, wàrà mìlílítà 750, iyọ̀ fínńfín.

Ṣa òkúta kúrò, fọ ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀mẹta, rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 8 sí 10. Inú fíríìjì ni kó wà bí ooru bá mú. Ìrẹsì tí a rẹ sórí tábìlì mọ́jú nínú ooru Àjàṣẹ́ lè kan, kíkan yẹn ni yóò sì ba wàrà jẹ́ tó bá yá. Da omi tí o fi rẹ ẹ́ nù. Fi omi 700 tuntun sí i, jẹ́ kó hó, kí o wá dín iná kù títí ìdérí kò fi ní máa jó mọ́. Ìṣẹ́jú 35 sí 40 ni. Bí o kò bá rẹ ẹ́, kà á sí ìṣẹ́jú 55, kí o sì fi omi mìlílítà 150 kún un.

Mú hóró kan, fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bí nǹkan funfun líle bá ṣì kù láàárín rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́, kò tíì tó. Èyí tó jinná, ikùn rẹ̀ á ti là, á sì fọ́ pátápátá lábẹ́ ìka. Má da wàrà sí i kó tó dé ibẹ̀, torí bí wàrà bá ti wọlé, agbára káká ni hóró fi máa ń rọ̀ sí i.

Ó yá, da wàrà sí i. Kí wàrà náà ti gbóná lọ́tọ̀, kí iná kéré. Ìṣẹ́jú 25, kí orógùn igi máa họ ìdí ìkòkò ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣàn díẹ̀ lórí ṣíbí, torí bó bá ṣe ń tutù ni yóò máa ki. Èyí tó bá ki tán lórí iná, bó bá di alẹ́, ọ̀bẹ ni wọn yóò fi gé e.

Gàárì_òun_Ẹ̀pà (Kùtọnu)
Gbogbo wàhálà yìí fún kí ni? Agolo wàrà aládùn méjì, ó parí.

Ọmọ_Ìdèná (Kétu)
Arákùnrin, ẹni tí dókítà ní kó dín ṣúgà kù wà nínú àwọn tí yóò jẹ ẹ́. Nínú wàrà aládùn yẹn, ohun tó súnmọ́ ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni ṣúgà tí wọ́n fi kún un. Ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì.

Lórí kíki: ìrẹsì funfun oníhóró kúkúrú máa ń tú sítáàṣì rẹ̀ (èròjà ìyẹ̀fun inú rẹ̀) sínú wàrà bó ṣe ń hó, òun ló ń mú kó ki. Ìrẹsì pupa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, eèrí ti dì í mọ́nú. Ìdí nìyẹn tí wàrà fi máa ń wà lọ́tọ̀, tí hóró náà á sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa fọ́ díẹ̀ nínú hóró náà.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní: lẹ́yìn tí ìrẹsì bá ti jinná nínú omi, bu ìdá kan nínú mẹ́ta jáde, lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú wàrà mìlílítà 200, dà á padà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìlọta, orí ọlọ náà dára, ó tilẹ̀ dára jù, torí kì í lọ̀ ọ́ kọjá ààlà. Ẹ̀rọ tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ máa ń sọ ọ́ di nǹkan tó ń fà bí ọ̀ọ̀yọ́.

Èkejì: ṣíbí ìjẹun méjì ìrẹsì pupa tútù tí o ti rẹ sómi, lọ̀ ọ́ kúnná, pò ó mọ́ wàrà TÚTÙ mìlílítà 100, rú u dáadáa kó tó bọ́ sínú ìkòkò, kí o sì máa ro ó fún ìṣẹ́jú 8 sí 10 kí adùn ìyẹ̀fun tútù lè kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹ̀fun gbígbẹ kò gbọdọ̀ kan wàrà gbígbóná. Òde rẹ̀ á jinná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú rẹ̀ á ṣì gbẹ, kókó tó bá ti ibẹ̀ jáde kò ní tú mọ́.

Ọ̀nà kìíní ni mo fara mọ́ jù fún ilé tí àwọn ọmọdé wà. Wọn kì í fẹ́ràn odindi hóró nínú wàrà.

Tantí_Pobè
Bí ìrẹsì náà bá ń le, ẹ fi kán-ún bíńtín sí omi tí ẹ fi ń sè é. Kíá ni yóò rọ̀.

Ìyá_Olóúnjẹ (Àjàṣẹ́)
Ẹ kúuṣẹ́, Tantí. Lóòótọ́ ni yóò rọ̀, ẹ̀wà là ń ṣe é fún. Ṣùgbọ́n nínú ìrẹsì oníwàrà, kán-ún á jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, á fún un ní adùn ọṣẹ, á sì pa púpọ̀ nínú fítámíìnì B1 inú eèrí, èyí tí a tìtorí rẹ̀ ra ìrẹsì pupa. Rírẹ mọ́jú ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Tantí_Pobè
Mo gbà o. Ti ẹ̀wà ni mo rò mọ́ ọn.

Ẹ̀rọÌlọ̀_Ṣábẹ
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ yín ná, torí ọ̀pọ̀ ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní pupa lọ́jà, kì í ṣe pupa tí a ń sọ.

Ìrẹsì tí wọ́n kọ "étuvé" sí lára àpò rẹ̀ ni wọ́n ti fi omi gbígbóná àti ooru rẹ̀ sè díẹ̀ pẹ̀lú èèpo, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n wá gbé lọ bó. Ó máa ń pọ́n díẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó sàn ju ìrẹsì funfun lásán lọ, torí ooru yẹn máa ń ti díẹ̀ nínú fítámíìnì B wọ inú hóró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá bó o tán, eèrí ti lọ, kì í ṣe odindi hóró mọ́. Irú èyí ni wọ́n mọ àwọn obìnrin tó ń ṣe ìrẹsì ní Glazoué mọ́, ìrẹsì dáadáa sì ni, mi ò bú u. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ lè lò ó: omi 550, ìṣẹ́jú 20, kò nílò rírẹ mọ́jú. Kí ẹ má kàn pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Bí ẹ ṣe máa dá odindi hóró mọ̀: ẹ tú hóró mẹ́wàá sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ wo orí wọn. Ní orí kan hóró kọ̀ọ̀kan ni ojú tí yóò fi hù wà. Lára ìrẹsì tí wọ́n bó, ojú yẹn ti yọ, kòtò kékeré ló kù síbẹ̀. Lára odindi hóró, ojú náà ṣì wà, ó funfun ju ara yòókù lọ, ara hóró sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn lórí. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ní ojú, ẹ ra á.

Ẹ̀rọ onírin kékeré tó wà ní ọ̀pọ̀ abúlé kò lè fún yín ní ìrẹsì pupa. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń gba èèpo àti eèrí, ó sì ń fọ́ hóró. Ẹ̀rọ tó ní rọ́bà méjì tó ń yí kọjú sí ara wọn ló ń bó èèpo nìkan. Ẹ wá irú rẹ̀, kí ẹ sọ fún oníṣẹ́ pé kó gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, kó má gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ funfun. Èèpo jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ìrẹsì, nítorí náà kílò kan tó ṣì wà nínú èèpo kò lè ju giramu 800 lọ bó bá jáde. Ẹni tó bá ní òun rí 900, ẹ wò ó dáadáa, èèpo ṣì wà nínú rẹ̀.

Odó náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí méjì, ẹ má da ju ìlàjì kílò lọ sínú odó lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ odó máa bọ́ lulẹ̀ fúnra rẹ̀ láìfi agbára tì í. Fífarakanra hóró ló ń bó èèpo, kì í ṣe lílù. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ dá èyí tí kò tíì bó padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Díẹ̀ nínú eèrí á lọ, púpọ̀ á kù. Ẹ má da èyí tó fọ́ nù, òun gan-an ni kí ẹ lọ̀ fún kíki tí Ọmọ_Ìdèná sọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: òróró wà nínú eèrí. Ìrẹsì funfun lè jókòó fún ọdún kan, pupa kò lè ṣe é. Nínú ooru ilé, bí ó bá pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ń gbọ́ òórùn òróró àtijọ́; nínú fíríìjì, oṣù mẹ́fà. Ẹ fi imú sí ẹnu àpò kí ẹ tó ra á. Òórùn yẹn kì í lọ lórí iná, wàrà á tún gbé e jáde sí i ni.

Àdùkẹ́_Wàndó (Àjàṣẹ́)
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo wo ti ọwọ́ mi, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní ojú. Ọ̀fadà ńkọ́? Wọ́n máa ń gbé e wá láti Nàìjíríà.

Ẹ̀rọÌlọ̀_Ṣábẹ
Eèrí díẹ̀ ṣì máa ń wà lára rẹ̀, lóòótọ́. Àmọ́ òórùn rẹ̀ wá láti inú rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sè é. Ọbẹ̀ ata ló bá a mu. Nínú wàrà, ìjà ni.

Ọmọ_Òkè (Ṣábẹ)
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ọ̀rọ̀ wàrà, torí ibẹ̀ ni ó ti ń fọ́.

Wàrà oníyẹ̀fun: giramu 100 sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ mìlílítà 750. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ pò ó kó ki kí ẹ tó da ìyókù sí i. Ẹ ka ara àpò: bí ẹ bá rí "matière grasse végétale", wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà, wọ́n sì ti fi òróró èso rọ́pò rẹ̀, òróró ọ̀pẹ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ó ṣeé sè, ṣùgbọ́n bí ìlera lẹ ń wá, kì í ṣe òun. Wàrà alágolo tí kò dùn: wàrà 375, omi 375.

Wàrà tútù láti ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní, èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é hó kí ó tó kan ìrẹsì. Ẹ kọ́kọ́ se ìdajì ife nínú ìkòkò kékeré lọ́tọ̀. Bó bá dì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kan láti òwúrọ̀. Ẹ fi ṣe wàgáṣì (wàrà dídì àwọn Fúlàní), kí ẹ lọ wá òmíràn. Ó sàn kí ìdajì ife dì ju kí gbogbo ìkòkò ìrẹsì dì lọ.

Ohun tó ń mú kí wàrà dì nínú ìkòkò, nǹkan kíkan ni, kì í ṣe iná gíga nìkan. Omi ìrẹsì tó kan, ọsàn wẹ́wẹ́, ajágbọn, ìyẹ̀fun oṣè, ewé bísápù. Bí ẹ bá fẹ́ oṣè nínú rẹ̀ (ó sì dára púpọ̀), ẹ jẹ́ kó tutù tán, kí ẹ fi ṣíbí kékeré kan sí abọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí dì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ bu méjì nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ̀ pẹ̀lú wàrà tútù díẹ̀. Kò ní dà bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ṣákaṣàka mọ́.

Ọ̀pẹ̀yìnbó tútù àti ìbẹ́pẹ tútù tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n ní ohun kan nínú tó ń gé èròjà ara wàrà, nítorí náà, láàárín wákàtí kan sí méjì ìrẹsì á korò, á sì ṣomi. Ọ̀pẹ̀yìnbó wa dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 5 kó tó wọ inú wàrà, tàbí kí ẹ gé e lé abọ́ lórí nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ìṣòro yìí.

Kólé_Sakété
Ẹni tí wàrà màlúù ń dà láàmú nínú ńkọ́?

Ọmọ_Òkè (Ṣábẹ)
Wàrà sóyà: kó ti hó fún ìṣẹ́jú 20 lọ́tọ̀ kí òórùn ẹ̀wà lè kúrò, lẹ́yìn náà ìwọ̀n kan náà, 750. Wàrà òfìò: sítáàṣì wà nínú rẹ̀, ó máa ń ki lójijì bó bá gbóná. Ẹ dín ìrẹsì tí ẹ máa lọ̀ kù sí ìdajì, kí òfìò sì wọlé ní ìṣẹ́jú 7 tó kẹ́yìn, láìdúró ní ríro. Òun ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ láìsí ṣúgà, bí ẹ bá bi mí. Wàrà àgbọn: ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ẹ má lo ju 250 lọ, kí ìyókù jẹ́ sóyà tàbí omi tí ẹ fi se ìrẹsì. Kó má hó gbùdùgbùdù, òróró á yà lọ sókè.

Nọ́ọ̀sì_Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí adùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí mo rí àwọn tó ń sọ fún aláàrẹ pé dàbínù àti oyin kì í ṣe ṣúgà. Ṣúgà ni wọ́n. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n dàbínù gbígbẹ ni ṣúgà. Ohun tó fi sàn ni pé ó ní okùn oúnjẹ (fáíbà) nínú, adùn rẹ̀ sì tètè ń tó ènìyàn, kékeré á ti tó.

Fún ìkòkò Àdùkẹ́: dàbínù ńlá 8, yọ kóró rẹ̀, gé e, rẹ ẹ́ sínú wàrà gbígbóná mìlílítà 100 fún ìṣẹ́jú 20, gún un. Ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn ni kó wọlé. Bó bá tètè wọlé, á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, á sì jóná kí wàrà tó jóná. Ohun dídùn yòókù náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣúgà tó bá wọlé kí hóró tó rọ̀ máa ń fa omi mọ́ra, hóró á le.

Fún àgbà yẹn, ẹ se gbogbo ìkòkò láìdùn. Ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí dàbínù tó wọ ìyókù. Ìgbakọ kékeré kan, nǹkan bí giramu 150, pẹ̀lú ẹ̀pà sísun tí a fọ́ tàbí ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dàbínù kan ṣoṣo tí a gé wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀ á ti tó. Ìrẹsì pupa kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè kíákíá bíi ti funfun, ṣùgbọ́n ìrẹsì náà ni, ó ń gbé e. Kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì, kí ó sì sọ ohun tó rí fún dókítà rẹ̀.

Ohun mẹ́rin tó ń jẹ́ kó dùn láìsí ṣúgà: iyọ̀ fínńfín yẹn (ẹ má fò ó), èèpo igi kanẹ́ẹ̀lì kan tí a sè pẹ̀lú wàrà, ewé tíì méjì tí a so pọ̀ tí a ó yọ nígbẹ̀yìn, àti jíjẹ ẹ́ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́, torí ahọ́n kì í tètè mọ adùn ohun tó tutù nini. Nọ́tímẹ́ẹ̀gì: ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré fún gbogbo ìkòkò, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá pọ̀, májèlé ni.

Oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ì báà jẹ́ sísè. Ẹ lọ ti ọmọ kékeré kúnná pátápátá, kí ẹ má fi ẹ̀pà tàbí àjàrà gbígbẹ odindi sí i.

Kí àwọn ọmọdé má sì máa jẹ ìrẹsì pupa lójoojúmọ́. Àséníìkì, májèlé kan tí ìrẹsì ń fà láti inú ilẹ̀ àti omi, máa ń pọ̀ nínú eèrí ju inú hóró lọ. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ọkà mìíràn.

Gàárì_òun_Ẹ̀pà (Kùtọnu)
Ọkà wo? Ẹ ti gba agolo lọ́wọ́ mi, ẹ tún fẹ́ gba ìrẹsì.

Ọmọ_Ìdèná (Kétu)
A ò gbà á, a pín in ni. Giramu 100 ìrẹsì pupa, 50 ọkà bàbà, 50 jéró. Ṣùgbọ́n ẹ má da gbogbo wọn sómi lẹ́ẹ̀kan. Ọkà bàbà tí a ti rẹ mọ́jú ń fẹ́ wákàtí kan. Jéró, ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, ọkà bàbà nìkan fún ìṣẹ́jú 25, kí ìrẹsì bá a níbẹ̀; lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, jéró wọlé. Omi lítà kan, torí ó máa pẹ́ lórí iná. Ọkà bàbà funfun ni kí ẹ rà. Ti pupa dúdú yẹn máa ń fa ahọ́n, wàrà kò sì lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Fónìò, ọkà wẹ́wẹ́ kan láti Atacora ní àríwá Benin, rọrùn jù: ìṣẹ́jú 5 sí 8 ni, ẹ sì lè fi sínú wàrà tààrà. Àmọ́ iyanrìn! Ẹ dà á sínú igbá pẹ̀lú omi púpọ̀, ẹ máa mi igbá náà yípo, kí ẹ da fónìò tó léfòó sínú asẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí iyanrìn kù nísàlẹ̀ igbá. Ẹ ṣe é títí iyanrìn kò fi ní hàn mọ́. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ni wọ́n ti bó funfun, nítorí náà ẹ má kà á sí odindi hóró.

Ìyá_Olóúnjẹ (Àjàṣẹ́)
Mo padà wá sórí ìkòkò fẹ́lẹ́ yẹn. Àbúrò, gbé àwo irin tí wọ́n fi ń yan nǹkan sáàárín iná gáàsì àti ìkòkò, kí iná má dojú kọ ibì kan ṣoṣo. Bí kò bá sí, gbé ìkòkò wàrà sínú ìkòkò ńlá tó ní omi híhó. Á fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kò lè jóná. Kí o tó da wàrà sí ìkòkò kankan, fi omi tútù ṣan inú rẹ̀, má nù ún gbẹ. Ìyẹn nìkan ti gba wàrà púpọ̀ là.

Bí òórùn jíjóná bá ti jáde, má họ ìdí rẹ̀! Má rò ó mọ́. Da èyí tó wà lókè sínú ìkòkò mìíràn jẹ́ẹ́jẹ́, fi èyí tó lẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá tọ́ ọ wò tí èéfín ò sí níbẹ̀, ó bọ́. Bó bá wà níbẹ̀, kò sí kanẹ́ẹ̀lì tó lè bò ó.

Ṣíbí tí o fi tọ́ ọ wò pẹ̀lú, má dá a padà sínú ìkòkò. Itọ́ ẹnu máa ń gé sítáàṣì. Èyí tó ki dáadáa lálẹ́ á ti ṣomi ní òwúrọ̀, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé ta ló da omi sí i.

Ẹni tó bá ní kókótì-mínútì (ìkòkò onídèérí dídì pa tó ń fọn): ìrẹsì pupa 200, omi 500, ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí fọn, kí atẹ́gùn jáde fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kó ju ìdajì ìkòkò lọ. Wàrà kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ tí ìdérí bá wà lórí. Ó ń ru, ó sì ń dí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde.

Kólé_Sakété
Ọjọ́ mélòó ló lè lò? Iná mànàmáná tiwa kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Nọ́ọ̀sì_Kétu
Ìrẹsì sísè ní kòkòrò kan tí iná kì í pa tán, tó ń jí padà bí ìrẹsì bá dúró nínú ooru. Oró tó ń tú síbẹ̀, bí ẹ tún un sè, kò ní lọ. Nítorí náà, kí ó má ju wákàtí méjì lọ níta. Ẹ pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ kó lè tètè tutù, kí ẹ gbé e sí fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta ni. Bí iná bá lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ tí abọ́ kò sì tutù mọ́ lọ́wọ́, ẹ dà á nù. Fún abọ́ ọmọ iléèwé, mi ò gbà kó jẹ́ ìrẹsì oníwàrà láìsí yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àdùkẹ́_Wàndó (Àjàṣẹ́)
Ìbéèrè kan ló kù. Ọjà ni mo ń ti dé nírọ̀lẹ́, mi ò lè dúró ti ìkòkò fún wákàtí kan ààbọ̀. Ṣé mo lè se ìdajì rẹ̀ sílẹ̀?

Ìyá_Olóúnjẹ (Àjàṣẹ́)
O lè ṣe é. Hóró àti omi nìkan ni kí o sè sílẹ̀, má fi wàrà sí i. Ní ọjọ́ ìsinmi, se giramu 600 nínú omi lítà méjì, sẹ́ omi tó bá ṣẹ́kù sínú abọ́ lọ́tọ̀ (ó ń ki, má dà á nù), tẹ́ ìrẹsì náà sórí àtẹ kó tutù láàárín ìṣẹ́jú 30. Pín in sínú ọ̀rá mẹ́ta, tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, gbé e sí ibi tó ń di yìnyín. Oṣù kan ló lè lò níbẹ̀. Omi tí o sẹ́, bu ú sínú ọ̀rá tirẹ̀ mẹ́ta, òun náà á dì.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí o bá fẹ́ ẹ, má yọ yìnyín rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Fọ́ ọ̀rá kan sínú ìkòkò pẹ̀lú omi sísẹ́ ọ̀rá kan, ìdérí lórí, iná kékeré, ìṣẹ́jú 8, kí hóró tún rọ̀ padà torí yìnyín máa ń mú un le. Lọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Wàrà 750 wọlé, ìṣẹ́jú 15. Bu ti àgbà sọ́tọ̀, kí dàbínù wá wọ ìyókù.